Ìlẹ̀kẹ̀ Yèyé Lọ́wọ́ Naimat

Bí ènìyàn bá dúró sẹ́yìn Damaris, ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Láti ìwé kẹrin ló ti rí bẹ́ẹ̀, nígbà tí tíṣà kan ní Odò-Ọwá máa ń dúró sẹ́yìn rẹ̀ tòun ti pàṣán, tí yóò máa wo bó ṣe ń kọ lẹ́tà, tí yóò sì máa retí kó ṣì í. Ìwé kẹrin yẹn náà ló ti fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí, ó ti tọ́mọ, ó ti rí ọmọ-ọmọ, síbẹ̀ bó bá gbọ́ èémí ènìyàn lẹ́bàá ọrùn, àyà rẹ̀ a já bí àyà ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀.

Ta ló wá gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ dé ibi tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀? Asiat ni. Ògiri kan ṣoṣo ló pààlà ilé àwọn méjèèjì nílùú Òsì, kò sì sí ohun tí Asiat ń sọ nílé rẹ̀ tí Damaris kì í gbọ́ nílé tirẹ̀.

"Ìwọ Damaris," ni Asiat wí, "bóo bá jókòó, adìyẹ ni. Bóo bá dìde, èlùbọ́ ni. Àwọn ọmọ ti lọ tán. Ta lò ń ṣọ́ nínú ilé yẹn?"

"Ojú mi kò lè gbé iṣẹ́ wẹ́wẹ́ bẹ́ẹ̀."

"Irọ́ ńlá. Ṣé ojú yẹn náà kọ́ ló ń rí mi láti òkèèrè, tóo fi ń sá wọlé bí mo bá ń bọ̀ wá tọrọ iyọ̀?"

Damaris rẹ́rìn-ín, ó sì bá a lọ. Ẹ̀rù àtilọ ń bà á, ṣùgbọ́n ẹ̀rù pé wọ́n lè mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà á ló tóbi jù.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Naimat ni wọ́n ti ń kọ́ ọ. Ọmọ Ìlọrin ni Naimat, ìyàwó tíṣà kan tí ìjọba gbé wá sí Òsì. Ọmọdé ni lójú àwọn ìyá tó ń kọ́. Damaris lè bí i lọ́mọ. Lẹ́yìn ìrun Alásárì, wọn a tẹ́ ẹní, oníkálukú a gbé ọmọrí ike síwájú, ìlẹ̀kẹ̀ wínníwínní a sì wà nínú rẹ̀ bí ọkà bàbà. Naimat a so ìlẹ̀kẹ̀ kan mọ́ ìdí òwú kí àwọn yòókù má baà yọ́ dà nù, a gbé abẹ́rẹ́ sókè kí gbogbo wọn rí i, a sì máa sọ ọ́ bí ẹni ń kọrin: "Ẹ mú ọ̀kan, ẹ fo ọ̀kan, ẹ gba inú ọ̀kan. Ẹ mú ọ̀kan, ẹ fo ọ̀kan, ẹ gba inú ọ̀kan." Ìlà kejì a bọ́ sínú àlàfo ìlà kìíní, bí eyín òkè ṣe ń pàdé eyín ìsàlẹ̀, títí iṣẹ́ náà á fi jáde lọ́wọ́ wọn tóóró bí aṣọ òfì kékeré, tí wọ́n á wá fi bọ́tìnnì kan dè é, tí yóò di ẹ̀gbà ọwọ́.

Òfin kan wà níbẹ̀. Ẹ̀gbà tí ènìyàn bá kọ́kọ́ rán parí, ti olùkọ́ ni.

"Bí ọ̀gá mi ṣe gba tèmi nìyẹn," ni Naimat máa ń wí, a sì na ọwọ́ òsì rẹ̀ kí wọ́n wò ó. Aláwọ̀ ewé ti Bọ́sẹ̀dé, ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà, wà níbẹ̀. Aláwọ̀ aró ti Asiat wà níbẹ̀, ó wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀. Gbogbo wọn ló ti ní tiwọn lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà. Damaris nìkan ló kù.

Kì í ṣe pé kò gbọ́n. Bó bá ti mú ọ̀kan, tó fo ọ̀kan, Naimat a rọra rìn wá sẹ́yìn rẹ̀ láti wò ó, pẹ̀lú inú rere. Inú rere náà ló ń ba ohun gbogbo jẹ́. Abẹ́rẹ́ a bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, òwú a ta kókó, ìlẹ̀kẹ̀ a fò sórí ẹní.

"Ìlẹ̀kẹ̀ tiwa ń jókòó," Asiat wí, "ti Damaris ń jó."

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Damaris bá wọn rẹ́rìn-ín, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ẹní kiri, etí rẹ̀ méjèèjì gbóná bí ẹni tí wọ́n gbá létí.

Nígbà tó pẹ́, Naimat bu ìlẹ̀kẹ̀ pupa sínú ọmọrí kan fún un. "Mọ́mì Ẹ̀bùn, ẹ mú un lọ sílé. Bóyá ara á rọ̀ yín níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, inú yàrá ni kẹ́ẹ ti ṣe é o. Ẹ má gbé e sí ìta."

Inú yàrá ṣókùnkùn, iná ìjọba kò sì sí. Yàtọ̀ sí ìyẹn, iṣu èlùbọ́ wà lórí ẹní níwájú ilé, kò sẹ́ni tí yóò bá a lé adìyẹ. Damaris wá gbé àpótí ìjókòó sí ìta, ó gbé ọmọrí sórí itan, ó ń ran ìlẹ̀kẹ̀, ó sì ń lé adìyẹ. Ó ń rò ó pé òun gbọ́n.

Ọ̀kadà kan kọjá, ó fun fèrè. Fèrè lásán ni, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ló ti dún. Damaris ta gìrì, ọmọrí dojú dé sínú yanrìn. Kó tó bẹ̀rẹ̀, àgbébọ̀ pupa rẹ̀ ti dé, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n rò pé ọkà bàbà ni. Ó lé wọn níhìn-ín, wọ́n gba ọ̀hún yọ. Ó ju bàtà, wọ́n fò ó. Nígbà tí wọ́n fi tú ká, ohun tó rí ṣà nínú yanrìn kò bo èékánná rẹ̀.

Ká ní ó dà nù lásán ni, ì bá sọ. Ṣùgbọ́n adìyẹ ló jẹ ẹ́, ní ìta tí wọ́n ní kó má jókòó sí. Báwo ni àgbàlagbà yóò ṣe la ẹnu sọ ìyẹn fún ọmọ tó lè bí? Ó ti ń gbọ́ ohùn Asiat kí Asiat tó sọ̀rọ̀. Ó ti ń rí ẹnu gbogbo wọn tó là. Ìtìjú a máa sọ ènìyàn di olè nínú ilé ara rẹ̀.

Nísàlẹ̀ àpótí aṣọ Damaris, nínú agolo páúdà kan, ni ìlẹ̀kẹ̀ ìdí Yèyé wà. Yèyé ni ìyá tó bí Damaris. Ìlẹ̀kẹ̀ yìí kò kúrò ní ìdí rẹ̀ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Damaris ló bọ́ ọ nígbà tí wọ́n ń wẹ òkú rẹ̀ ní Odò-Ọwá. Pupa ni. Ó fi díẹ̀ dúdú ju ti Naimat lọ, ó wẹ́ bákan náà, osùn àti òróró ọdún gbọọrọ sì ti mú un dán. Kí Yèyé tó kú ló ti sọ̀rọ̀ lé e lórí: "Ọmọbìnrin tí Ẹ̀bùnolúwa bá kọ́kọ́ bí, ìdí rẹ̀ ni kí èyí lọ. Ìwọ Damaris ni kóo so ó. Má jẹ́ kí ẹlòmíràn so ó."

Ẹ̀bùnolúwa, àkọ́bí Damaris, ń gbé ní Ìlọrin. Ó sì ti bímọ. Obìnrin ni, Tolúlọpẹ́ lorúkọ rẹ̀.

Gbogbo èyí ni Damaris mọ̀ nígbà tó ń ṣí agolo. Díẹ̀ ló ní òun fẹ́ yá láti ìdí òwú. Bóun bá dé Ìlọrin, òun á ra irú rẹ̀ dá padà. Àṣé òwú náà ti jẹrà. Bó ṣe tú kókó ni gbogbo rẹ̀ já, ìlẹ̀kẹ̀ Yèyé sì dà sórí símẹ́ńtì, ó ń ró wààrà bí òjò àkọ́rọ̀ lórí páànù. Damaris kúnlẹ̀, ó ń ṣà á. Ibi tó ti ń ṣà á ni ọkàn rẹ̀ ti sọ fún un pé: ó kúkú ti já. Òwú tuntun tí yóò fi sin ín padà ni ì bá wá. Abẹ́rẹ́ ẹ̀gbà tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ló mú.

Ó ti ilẹ̀kùn, ó ṣí fèrèsé sílẹ̀ díẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri. Mú ọ̀kan, fo ọ̀kan, gba inú ọ̀kan. Ọwọ́ náà gbọ́! Kò sẹ́ni lẹ́yìn, ògiri kì í sì í mí. Abẹ́rẹ́ ń wọlé, ó ń jáde, ìlà ń gun ìlà, kò sí èyí tó wọ́. Ìgbà kan wà tó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tó ń kọ orin ìjọ wọn ní ohùn jẹ́jẹ́. Ó dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí Yèyé ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń kọrin.

Ọjọ́ tó parí rẹ̀ gan-an ni fóònù dún.

"Mọ́mì, à ń bọ̀ ní Sátidé o," Ẹ̀bùnolúwa wí. "Èmi àti Tolú."

"Káì! Ẹ káàbọ̀ o. Kí lẹ fẹ́ jẹ?"

"Ẹ tiẹ̀ jẹ́ kí n délé ná. Ìlẹ̀kẹ̀ Yèyé ló ń gbé mi bọ̀. Ìyá ọkọ mi ti fẹ́ ra tuntun so fún un, mo ní kí wọ́n fọwọ́ wọ́nú, pé ti ìyá ìyá mi ń bẹ nílé. Ó ṣì wà níbẹ̀, àbí?"

"Ibẹ̀ náà ló wà," ni Damaris dáhùn.

Bí irọ́ náà ṣe yá lẹ́nu rẹ̀ tó, ó bà á lẹ́rù. Ẹ̀gbà wà lórí itan rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Ó gbé e kúrò níbẹ̀, bí ẹni pé ọmọ náà ń wò ó láti inú fóònù.

Ó pinnu pé òun ò ní fún Naimat. Òun á sọ pé kò tíì parí, òun á lọ tú u, òun á fi òwú tuntun sin ín, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀. Ṣùgbọ́n bí kò bá lọ rárá, Asiat á wá wá a dé inú yàrá. Nítorí náà ó so ẹ̀gbà mọ́ ìṣẹ́tí ìró rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà rí i nílé, ó ki í sínú, ó sì lọ jókòó sórí ẹní Naimat bí ẹni tó jókòó lé ẹ̀gún.

"Kí lo dì mọ́ ìró bí owó èsúsú?" Asiat bi í. Kó tó fọwọ́ bò ó, Asiat ti fà á yọ. "Yéè! Ẹ wá wò ó! Damaris yìí náà? Damaris tí ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ ń jó?"

Wọ́n gbà á lọ́wọ́ ara wọn. Bọ́sẹ̀dé fi ìka tọ ojú ìlà, ó ní kò sí ibi tó ti ṣì. Asiat gbé e símú. "Ẹ̀yin èèyàn, osùn ló ń rùn yìí o."

Damaris tún ìró rẹ̀ ró.

"Báwo ni ọwọ́ ìyá ọlọ́mọ kò ṣe ní rùn osùn?" Naimat wí. Ó ti ń fi bọ́tìnnì dè é mọ́ ọwọ́ òsì rẹ̀, lókè ti gbogbo àwọn yòókù. Ó gbé ọwọ́ náà sókè, ojú rẹ̀ ń dán. "Mọ́mì Ẹ̀bùn, ẹ ò rí i? Mo sọ fún yín pé ẹ lè ṣe é. Èyí ló dáa jù nínú gbogbo wọn."

Ibẹ̀ ló yẹ kó ti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ojú ló wà lára rẹ̀, àwọn kan sì ti dìde dúró sẹ́yìn rẹ̀ kí wọ́n lè rí ẹ̀gbà náà dáadáa.

"Ó... ó tọ́ sí yín," ni Damaris wí.

Ní Sátidé, bàbá Ẹ̀bùn, ọkọ Damaris, mú àgbébọ̀ pupa kó tó lọ wa iṣu lóko. Ó gbé e wò lọ́wọ́, ó ní, "Ìyàwó, kí lo fi ń bọ́ èyí tó wúwo báyìí?" Ó pa á fún àwọn àlejò, ó kọrí sóko.

Ẹ̀bùnolúwa sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà tòun tọmọ lẹ́yìn, eruku bò wọ́n. Damaris gba ọmọ mọ́ra, ó kì í, ó wẹ̀ ẹ́, ó fi òróró pa á. Ọmọ náà sanra, ìdí rẹ̀ mọ́ tónítóní, kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

"Ẹ kúkú so ìlẹ̀kẹ̀ báyìí tẹ́ẹ wẹ̀ ẹ́ tán," Ẹ̀bùn wí.

"Jẹun ná."

"Ebi kò pa mí."

"Adìyẹ ló wà nílẹ̀ yìí, mi ò tíì tún un ṣe. Mo ti... ibi tí mo gbé e sí, ó jìn. Jẹun ná, Ẹ̀bùn."

Ẹ̀bùn wo ojú ìyá rẹ̀. Ó gba ọmọ, ó wọlé lọ fún un lọ́mú.

Kò pẹ́ tí Asiat àti Naimat wọlé láti kí ìyá ọmọ. Asiat kò mọ bí a ti í jókòó lásán. Ó gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ Damaris lẹ́yìnkùlé, ó ní kó lọ gbáná. Ó tú adìyẹ, ó yọ ìfun, ó mú iwe. Iwe adìyẹ, ti baálé ni. A kì í fi sòfò, a sì gbọ́dọ̀ là á kí á fọ inú rẹ̀. Àfìgbà tí Asiat gbé ọ̀bẹ lé e ni Damaris rántí. Ó ní, "Asiat, gbé ìyẹn wá, èmi ni n ó..."

Asiat ti là á.

Òkúta wẹ́wẹ́ ló kọ́kọ́ dà jáde, ọkà tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà nǹkan pupa ń tàn nínú abọ́ omi, ọ̀kan, òmíràn, òmíràn.

Asiat fi ìka ro omi náà. Ó wo Damaris. Ó tún wo abọ́. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ọ́n láti èjìká. "Naimat! Naimat, sáré wá! Wá wo akẹ́kọ̀ọ́ rẹ tuntun! Adìyẹ Damaris ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀!"

Naimat sáré dé. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú ọ̀kan láàárín ìka méjì, ó nù ún. Òun náà rẹ́rìn-ín. "Ìlẹ̀kẹ̀ mi nìyí o. Àwọn tí mo bù fún Mọ́mì gan-an ni." Lẹ́yìn náà ẹ̀rín rẹ̀ rọra kú. Ó gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè, ó wo èyí tó wà lókè pátápátá, ó wo èyí tó wà nínú abọ́. Ó béèrè pẹ̀lẹ́, kò fi ìbínú sí i rárá:

"Èwo wá ni mo wọ̀ sọ́wọ́ yìí, mà?"

Ẹ̀bùnolúwa ti yọ sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọmọ léjìká. Damaris rí ẹsẹ̀ rẹ̀, kò gbójú sókè dé ojú rẹ̀. Iná ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, omi ń hó. Ó wá nǹkan tí yóò sọ: pé òun rà á ni, pé ẹnìkan ló fún òun. Irọ́ tó yá lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn kọ̀, kò wá.

"Ti Yèyé ni," ló sọ.

Ìlẹ̀kẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ Naimat padà sínú abọ́.

"Òwú rẹ̀ já," ló tún wí. "Adìyẹ jẹ ti Naimat, ojú ń tì mí. Òwú rẹ̀ sì já."

"Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí?" Asiat wí. Àṣà ẹnu rẹ̀ kò jẹ́ kó lè dákẹ́. Òwe ti bọ́ sí i lẹ́nu. "Ah, Damaris. Ìdí ọmọ ẹni kì í burú títí..." Ó gbé e dé àárín, ó rí ọmọ tó wà léjìká Ẹ̀bùn, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Kò sí ẹni tí kò mọ ìyókù.

Naimat kò yára bọ́ ọ. Ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni. "Mo ti wọ̀ ọ́ kírun, Mọ́mì," ló wí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ìyẹn wọ Damaris lára ju èébú lọ. Ó kúnlẹ̀. Ó kúnlẹ̀ fún ọmọ tó lè bí, lórí ìyẹ́ adìyẹ tó tutù, Naimat sì sáré kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ń fà á ní apá, ó ń sọ pé, "Ẹ dìde, mà, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, àgbà kì í kúnlẹ̀ fún mi," àwọn méjèèjì wà nílẹ̀, kò sẹ́ni tó lè gbé ẹnìkejì.

"Ẹ tú u," ni Ẹ̀bùnolúwa wí láti ẹnu ọ̀nà.

Inú yàrá ni wọ́n ti tú u, pẹ̀lú ilẹ̀kùn títì nítorí adìyẹ. Naimat tú bọ́tìnnì, ó gbé ẹ̀gbà náà lé ọwọ́ Damaris, ó sì gbé ọmọrí ike sábẹ́ rẹ̀. Damaris wá ìdí òwú, ó rí i. Yọ ọ̀kan, fo ọ̀kan, yọ ọ̀kan. Kò sí ògiri lẹ́yìn rẹ̀ lónìí. Ẹ̀bùn ló dúró níbẹ̀, Damaris ń gbọ́ èémí rẹ̀, ó ń gbọ́ bí ọmọ ṣe ń fa ọmú. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n bí ewé kókò nínú òjò. Ìlẹ̀kẹ̀ ń já bọ́ sínú ọmọrí, ó ń ta pọ́ún. Fún títú, ọwọ́ tó ń gbọ̀n kò burú. Iṣẹ́ tó dára jù tó ṣe rí láyé rẹ̀ tú tán níṣojú gbogbo wọn, kò sì gbà wọ́n ní àkókò.

Naimat ló fa òwú tó nípọn jáde láti inú àpò rẹ̀, ó sì bá a sin ín. Nígbà tó parí, ó gbé e fún Ẹ̀bùn.

Ẹ̀bùn tẹ́ ọmọ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó fi ìlẹ̀kẹ̀ yí i nídìí. Ó tó, ó tiẹ̀ lè yí i lẹ́ẹ̀kejì. Ó mú orí òwú méjèèjì dání. Damaris rí i pé yóò so ó fúnra rẹ̀, ó sì mọ̀ pé bó bá so ó fúnra rẹ̀, òun kò ní ẹnu tí òun yóò fi sọ̀rọ̀. Òun ló ba ọ̀rọ̀ Yèyé jẹ́. Ó wo ilẹ̀.

Ẹ̀bùn fi orí òwú sílẹ̀, ó kọjú sí fèrèsé.

"Yèyé ní ẹ̀yin ni kẹ́ẹ so ó."

Damaris bẹ̀rẹ̀. Orí òwú bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó tún mú un, ó tún bọ́. Tolúlọpẹ́ tapá, ó rẹ́rìn-ín sí i, kò mọ nǹkan kan. Damaris ta kókó kan, ó ta èkejì lé e. Nígbà tó yẹra, Ẹ̀bùnolúwa bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀, ó fa kókó náà wò, ó tún fà á, bí ẹni ń yẹ ẹrù tí àjèjì bá a dì sẹ́yìn ọ̀kadà wò.

"Ó dì," ló wí. Asiat ló kọjú sí bó ṣe sọ ọ́, kì í ṣe ìyá rẹ̀.

Naimat fọ àwọn ìlẹ̀kẹ̀ inú iwe, ó dà wọ́n sínú ọmọrí, ó gbé e sórí tábìlì Damaris. "Ẹ̀gbà àkọ́ṣe mi ṣì kù o, mà," ló sọ lẹ́nu ọ̀nà. Àyè kan ṣófo lọ́wọ́ òsì rẹ̀, lókè aláwọ̀ aró, ó sì ń fi ìka họ ibẹ̀ bó ti ń lọ.

Wọ́n jẹ adìyẹ náà. Bàbá Ẹ̀bùn jẹ iwe rẹ̀, ó ní ó dùn, kò sì sẹ́ni tó sọ nǹkan kan fún un.

Nígbà tí oòrùn wọ̀, Damaris lọ jókòó síbi ògiri tó pààlà ilé rẹ̀ àti ti Asiat, ó fetí lé e. Ohùn àwọn ará ilé Asiat ń wá, abọ́ ń dún, ẹnìkan ń bi Asiat pé kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́hùn-ún tí ojú rẹ̀ fi rí báyìí. Damaris di ìṣẹ́tí ìró rẹ̀ mú. Ó ń retí ẹ̀rín.

"Kò sí nǹkan kan," Asiat wí. "Ọmọ la lọ kí."